Àbàwọ́n Àyà Aṣọ Bàbá Mi

Kúùkù ni bàbá mi nínú ọkọ̀ ogun ojú omi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ogun sí Ṣàgámù wa yìí, níbi tí kò sí òkun tí kò sí ọ̀sà, mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì fún wọn ní aṣọ funfun bàbá mi.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ọmọbìnrin tó ń mú àlejò káàkiri nawọ́ sí àbàwọ́n pupa kan láyà aṣọ náà.

"Ẹ̀jẹ̀ jagunjagun wa nìyẹn. Ojú ogun ló kú sí."

Obì ni! Ìyá mi ló fi aṣọ náà bo apẹ̀rẹ̀ obì tútù lọ́jọ́ tí ewé tí wọ́n fi ń bo obì tán lọ́jà Mákùn.

Bàbá arúgbó kan, ológun ojú omi àtijọ́, ti nà ró, ó gbé ọwọ́ síwájú orí kí aṣọ náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè yọ aṣọ náà kúrò. Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi tó kú sórí bẹ́ẹ̀dì lójú mi ti di ẹlòmíràn nìyẹn.

Mo ní, "Ọmọ mi, obì ni. Bàbá mi ló ni aṣọ yìí, kúùkù ni wọ́n."

Ọmọbìnrin náà wo bàbá arúgbó.

Bàbá arúgbó náà ò sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ṣé ebi la fi ń jagun ni?"

Ọmọbìnrin náà fa bírò yọ, ó fa ọ̀rọ̀ inú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà rẹ́. "Màmá, kí ni bàbá yín máa ń sè?"

"Ẹ̀wà," ni mo wí. "Ẹ̀wà lójoojúmọ́."