Ìkúnlẹ̀ Tó Tàn Wá Jẹ

Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn, títí dórí ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé wa lọ sí kílínìkì, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ̀kankan. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó mú mi wá sí Enugu, ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́rin. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí.

Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Èdè ló pọ̀ jù nílé yìí. Yorùbá, Ìgbò, píjìn! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òyìnbó nìkan ni kẹ́ ẹ máa bá a sọ."

Èmi tí ìwé mi ò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó jinná, òyìnbó mi ti tán. "Kọ́ọ̀mù. Gó. Sídáùn." Ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Ìgbò ará Ngwo, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n fún ọmọ náà ní omi tí ayékòótọ́ mu kù. Mo wá ayékòótọ́ dé Emene, ní ìkángun ìlú. Ẹni tó ni ín ní ẹyẹ òun gan-an kì í sọ̀rọ̀.

Ìyàwó ọmọ mi béèrè pé, "Màmá, ṣé kì í ṣe etí?"

"Etí kẹ̀? Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá ti yọjú láàárọ̀, tí mo ní 'ṣó o jí ire?', orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀!"

Ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo fi ń yangàn. Àwọn aládùúgbò wa ọmọ Ìgbò a máa mọ̀ọ́mọ̀ kọjá níwájú ilé, kó lè kúnlẹ̀ fún wọn.

Ní kílínìkì, obìnrin tó ń yẹ etí wò ní kí n dúró sẹ́yìn ọmọ náà kí n kí i. Mo kí i. Bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Mo pariwo. Nọ́ọ̀sì kan dá mi lóhùn láti yàrá kejì! Mo wá bọ́ síwájú rẹ̀, n kò tíì la ẹnu: gbì, ó ti kúnlẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Màmá, ojú yín ló ń rí. Kò gbọ́ yín." Ó ní èdè púpọ̀ kì í dí ọmọ lẹ́nu, ohun tí kò wọ etí ni kì í ti ẹnu jáde.

Mo jókòó. Àràárọ̀ ni ọkọ mi máa ń fi oríkì pe ọmọ yìí. Kò gbọ́ ẹyọ kan.

Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kọ́ ọ létí, ẹ wá wo wèrè! Fáànù ń kùn, ó sá. Ó mú bàtà mi, ó ń fi lu ilẹ̀ gbà-gbà-gbà. Ewúrẹ́ ké, òun náà ké.

Ìyàwó ọmọ mi ní, "Màmá, òyìnbó yín ńkọ́?"

"Mo ti dá a padà fún àwọn tó ni ín!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà kọ̀yìn sí mi, ó ń fi bàtà lu ilẹ̀. Mo rọra fi oríkì rẹ̀ pè é, mo fà á gígùn bí ọkọ mi ti máa ń fà á. Bàtà dúró. Ó yíjú padà. Kò kúnlẹ̀ o. Ó ní, "Ẹ̀n?"

Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ tí mo bí ló dá mi lóhùn báyẹn, ìgbátí ni. Mo tún un pè, kó lè tún un sọ.