Ìyá Mi Fọwọ́ sí Ìwé Ìhágún

Ní kékeré mi, nígbà tí à ń gbé Mamobi lẹ́yìn odi, èmi ni mo kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìkòkò tí òun àti bàbá mi ń tà ní Cow Lane la ti fi ẹfun kọ́ ọ. Nígbà tó mọ̀ ọ́n kọ tán, ẹ̀yin èèyàn mi, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń wá ohun tó máa fọwọ́ sí kiri.

Bàbá mi wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ní kí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa bá òun kọ ìwé ìhágún: kí ìyá mi gba ṣọ́ọ̀bù, kí ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ ti àbúrò òun. Akọ̀wé ní ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ta ni bàbá mi tún fọkàn tán ju ìyàwó rẹ̀ lọ? Ìyá mi àti akọ̀wé ló fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé ẹni tó bá jẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè jogún nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a gbé ìwé náà lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n lè fún wa láṣẹ láti pín ogún. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan wo ìwé, ó wo ìyá mi. "Maame, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i yìí?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ojú tì mí fún un ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù di ara ohun tó ṣẹ́ kù. "Ìyàwó wa," ni àbúrò bàbá mi wí, kò wojú rẹ̀, "òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi." Ìyá mi wá ń pàtẹ ìkòkò síta níwájú ilẹ̀kùn kan náà. Àwọn oníbàárà ṣì ń kí i bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ báyìí pé ká ní ó tẹ̀ka pàápàá, bákan náà ni ì bá rí, síbẹ̀ ìtìjú yẹn ò kúrò lára mi.

Ayé ti yàtọ̀. Rédíò ń ṣàlàyé òfin yìí ní Twi àti Hausa, kódà àwọn ọmọ mi tí Yorùbá wọn ò já gaara mọ̀ ọ́n. Láìpẹ́ yìí mo pe agbẹjọ́rò wá sílé láti kọ ìwé ìhágún tèmi. Bó ṣe ní ká fọwọ́ sí i báyìí, ìyá mi, arúgbó, dìde, ó ń jáde lọ. Agbẹjọ́rò ní kò sóhun tó ní kí wọ́n jáde. Ìyá mi lọ jókòó sínú oòrùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìbòrùn rẹ̀.