Oyè Akómẹ́ta

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò Banikanni, tí òmìnira ìlú wa ò tíì pẹ́, oyè kan wà tí gbogbo ọmọdé ń yán hànhàn fún. Akómẹ́ta ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá borí nínú eré sísá, nínú gídígbò àti nínú eré kẹ̀kẹ́ láàárín ọdún kan ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé ife wúrà ni wọ́n ń fún un o. Àga ni. Wọ́n á gbé àga fún un lẹ́bàá pápá, á di adájọ́ eré, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni díje mọ́ láéláé. Àwọn àgbà ní ẹni tó kó mẹ́ta ti yó, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn náà bu òkèlè.

Èmi ò mọ ìtumọ̀ àga yẹn nígbà náà. Ariwo oyè nìkan ni mò ń gbọ́.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́jà Arzèkè, bíi ti bàbá wa tó ti Ṣábẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n gídígbò ni ayé rẹ̀. Á máa tòògbé nídìí ẹ̀rọ. Tó bá ti kan yanrìn pápá gídígbò, ojú rẹ̀ á là kedere. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó borí eré sísá, ó sì da ọmọ Bàrìbá kan tó ga jù ú lọ fíìfíì. Ó wá ku kẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ ọdún òmìnira. Bàbá wa ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Oyè ò tíì wọlé wa rí nílùú yìí." Ta ní jẹ́ bá a jiyàn?

Láti Titirou ni wọ́n ti gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kan okùn òpin eré, mo rí i tó dẹ ẹsẹ̀, tó ń bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Èmi yìí náà, mo bọ́ síwájú èrò, mo fi gbogbo ẹnu ké oríkì rẹ̀: "Àlàó! Àlàó o!" Háà! Ta ni wọ́n ń kì tí orí rẹ̀ ò ní í wú? Ó tẹ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó já okùn.

Bàbá wa jó nínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Ẹ mà ti joyè!"

Ó ní, "Mo fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi ni, àbúrò. Ìwọ lo pè mí."

Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Lónìí, ẹni tó gba mẹ́ta á fẹ́ gba mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó ń dìde nídìí àwo. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé oyè wa gbọ́n ju tiwọn lọ. Ó sì gbọ́n lóòótọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe adájọ́ fún ló di akọni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lèmi máa ń jókòó sí, nítòsí rẹ̀. Ìgbàkígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti di ara wọn mú, mo máa ń rí i tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa yanrìn lábẹ́ àga.