Obìnrin Tí Mo Ń Pè Ní Àǹtí

Òórùn rọ́bà ni mo kọ́kọ́ fi mọ ìyá mi. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ máa ń fi òórùn kan sílẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, èyí tí ọṣẹ kò lè mú kúrò, tí ìpara tí wọ́n ń fi pa á kàn máa ń sọ di òórùn mìíràn tí n kò lè dárúkọ. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n nà sí mi ní pápákọ̀ òfurufú lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo dé New York, èmi ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo wọ kóòtù tó tóbi jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀ bí màmá àgbà ṣe kọ́ mi, mo ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí." Wọ́n gbé mi dìde. Ojú wọn yí padà, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

N kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Ìkìrun. Bàbá mi ti bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi nìkan ló kù ní Bronx nílùú New York, iṣẹ́ tí wọ́n sì rí ni ti ìtọ́jú arúgbó, irú èyí tí èèyàn máa ń sùn sílé ẹni tó ń tọ́jú láti Mọ́ńdè di Fúráìdè. Kò sẹ́ni tó máa bá wọn gbọ́mọ. Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa níbí ló ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ní ọmọdé ni, kò ní rántí. Ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni mo wá lajú sí. Aránṣọ ni màmá àgbà, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ wọn sì ni ilé mi gan-an. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń ṣa bọ́tìnnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ láti òkè, èmi náà á máa fèsì nísàlẹ̀, a ò ní rójú ara wa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá ni mò ń pè wọ́n. Ìyá tó bí mi jẹ́ ohùn kan nínú fóònù, ohùn náà ló wá di Àǹtí.

Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé kan ní Wakefield, ní Bronx kan náà, ni à ń gbé, níbi tí gíláàsì fèrèsé ti máa ń gbọ̀n tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá. Ìyá mi gba ààyè níbi iṣẹ́. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n ra bèbí onírun gígùn, wọ́n jókòó kọjú sí mi, wọ́n ń bi mí léèrè pé kí ni mo fẹ́ràn, ṣé inú mi dùn, ṣé mo mọ ẹni tí àwọn jẹ́. Mo kọ́kọ́ ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Nígbà tó yá, n kò sọ nǹkan kan mọ́. Tí mo bá fẹ́ fọ abọ́ tí mo fi jẹun, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi pé kí n lọ sinmi. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ rí ni mí, ìsinmi yẹn sì dà bí ìgbà tí wọ́n ní n kò wúlò.

Níléèwé, mo dákẹ́ bákan náà. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí tíṣà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, torí pé a kì í tẹjú mọ́ àgbà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe ìyá mi. Obìnrin kan tó ń yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ wò fún iléèwé, tí ohùn rẹ̀ tutù, kó nǹkan ìṣeré sórí tábìlì níwájú mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Màmá àgbà ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan àyàfi tí wọ́n bá ní kí n mú un. Obìnrin náà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì yíjú sí ìyá mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó bi wọ́n: ìgbà wo ni ọmọ yìí rìn? Ọ̀rọ̀ wo ló kọ́kọ́ sọ? Tó bá ń sunkún, kí ni ẹ máa ń ṣe tó fi ń dákẹ́? N kò gbọ́ èdè náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo rí bí ìyá mi ṣe ń mirí sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà wá ní kíláàsì àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò tètè ṣí ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé mi lọ, pé àwọn á tún yẹ̀ mí wò tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀. N kò lè dá obìnrin náà lẹ́bi. Ohun tó rí ló sọ.

Lọ́nà ilé, ìyá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onílé kan, wọ́n pe Ìkìrun. Wọn ò kí màmá àgbà tán tí wọ́n fi ní, "Ẹ bá mi sọ bí ọmọ mi ṣe jẹ́." Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí, mo ń gbọ́ ìtàn ara mi láti ẹnu fóònù: pé mo pẹ́ kí n tó rìn, pé ẹsẹ̀ tábìlì ni mo dì mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dìde, pé "òwú" ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ. Ìyá mi ń gbọ́, wọ́n sì ń nu ojú, wọ́n wá ròyìn bí àwọn ṣe máa ń jókòó bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Níkẹyìn, màmá àgbà ní, "Má jókòó kọjú sí i bí ọlọ́pàá. Jókòó tì í. Wá nǹkan fún ọwọ́ rẹ̀ ṣe."

Ìyá mi fi iṣẹ́ àsùnsíbẹ̀ yẹn sílẹ̀, wọ́n gba ti ojúmọmọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti tẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n mú ẹ̀wù iṣẹ́ wọn tí bọ́tìnnì ti já, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwa méjèèjì fẹ̀yìn ti ògiri. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ń rán bọ́tìnnì, wọn ò sì mọ̀ ọ́n rán. Òwú ń yọ, wọ́n ń tún un kì bọ abẹ́rẹ́. Mo wò ó títí, n kò lè mú un mọ́ra.

Mo ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọwọ́ wọn dúró, ṣùgbọ́n wọn ò wò mí. "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ kọ́kọ́ ta kókó sídìí òwú."

Wọ́n ta á. Mo gba abẹ́rẹ́, mo fi ìyókù hàn wọ́n, ẹnu mi sì là. Mo sọ ti ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó ń bá màmá àgbà jà lórí aṣọ tó fún mọ́ ọn lára jù, mo sọ ti òjò tó ń gba ibi òrùlé wọlé, mo sọ pé mo fẹ́ lọ sílé. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọn ò sọ pé ibí yìí ni ilé mi.

Kò tètè bọ́ sípò. Ìyá mi lọ ṣàlàyé fún tíṣà, ìyẹn sì gbé mi jókòó ti ọmọbìnrin ará Jàmáíkà kan, ó fún àwa méjèèjì ní àlùmọ́gàjí àti bébà gígé. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì mi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò, wọ́n fi mí sílẹ̀ ní kíláàsì mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tún kíláàsì náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ìwé kíkà sì ni mí lára fún ọdún mélòó kan. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe ìyá mi ní Mọ́mì. Ìyá mi rántí, wọn ò sì gbà láti sọ ọ́ fún mi títí dòní.

Màmá àgbà kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Ìwé ìgbélùú ìyá mi kò tíì yọrí, a ò lè lọ sìnkú. Ilẹ̀ yàrá ni èmi àti ìyá mi jókòó sí lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń sunkún ìyá tirẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo bínú pé wọ́n fi mí ránṣẹ́ sílé. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ kan kò gbọ́ràn tàbí pé orí rẹ̀ kò gba ìwé, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ta ló sì ti jókòó tì í láti ìgbà náà. Ìyá mi kò lè padà lọ wo ọjọ́ tí mo rìn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí mo ṣe jẹ́ láti ibi tí wọ́n bá mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ alẹ́, wọn ò sì fìgbà kankan béèrè pé kí n tètè fẹ́ràn àwọn.