Igbà tí mo ń dì mọ́ ọ̀pẹ ní Sakété

Òórùn tùràrí ló máa ń jí mi ní agboolé tàǹtí mi ní Sakété, tùràrí tó pò mọ́ òórùn èédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sí nínú fẹ́ẹ̀rì tí aránṣọ fi ń lọ aṣọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì pọ̀, ẹsẹ̀ mi òsì á ṣe bí ẹni pé wọ́n pè é lórúkọ. Yàrá obìnrin kan tó háyà ilé lọ́dọ̀ tàǹtí ni òórùn náà ti ń wá. Abidjan ló ti dé, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo, gbogbo wa sì ń pè é ní Ìyá Aránṣọ. Tàǹtí mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, wọ́n sì ń jó tùràrí níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn láàárọ̀, ó gbà pé Ọlọ́run ti fi ará ìjọ ránṣẹ́ sí òun. Ó wọ sùtánà rẹ̀, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn láti kí i káàbọ̀. Obìnrin tó jókòó síwájú àpótí kékeré kan ló bá, tó ń pe ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, ohùn rẹ̀ ń lọ geerege bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

"Ìjọ wo lẹ wà?" ni tàǹtí bi í.

"Ẹ̀sìn Búdà ni, tàǹtí."

"Ti àwọn ará Ṣáínà yẹn?"

"Íńdíà ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn."

Tàǹtí fa òórùn náà símú. "Tùràrí yín dára ṣá," ló wí. Láti ọjọ́ náà, bí tùràrí bá tán lọ́wọ́ ọ̀kan, á lọ tọrọ lọ́wọ́ ìkejì.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ iṣẹ́ mi. Ẹyìn ni mò ń kọ, ní abúlé wa lẹ́bàá Issaba. Àwọn ọ̀pẹ kúkúrú tó ti ibùdó ìwádìí ní Pobè wá, èèyàn lè dúró nílẹ̀ kó fi dòjé orí ọ̀pá gígùn já ẹyìn wọn. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ àtijọ́ ni wọ́n, wọ́n ga débi pé ọrùn á máa dun ẹni tó bá ń wo orí wọn, kò sì sí bí o ṣe lè dé ìdí ẹyìn wọn láìjẹ́ pé o di igbà mọ́ ara rẹ àti mọ́ igi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹsẹ̀ mi yọ̀, igbà sì tẹ̀ lé e, mo já bọ́, ẹsẹ̀ mi òsì sì kán. Bí mo ṣe dé Sakété nìyẹn, nítorí bàbá kan tó ń to egungun ń gbé nítòsí ilé tàǹtí. Bàbá mi ló di ẹrù mi, ó sì ká igbà mi mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀ náà jinná. Bàbá tó ń to egungun ní kí n máa lọ sílé, èmi ni kò lọ. Bí mo bá ti gbójú sókè wo ọ̀pẹ kankan, ẹ̀rù á bà mí, màá yára yí ojú kúrò. Mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí. Ó ní kò burú, kí n má kánjú. Àmọ́ àsìkò ẹyìn ti ń kan ilẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé bí èmi kò bá gun ọ̀pẹ wa, òun ló máa gùn ún, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú.

Lójoojúmọ́ ni mo ń jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Aránṣọ. Bó bá ti parí àdúrà rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ló ń lọ tààrà, yálà oníbàárà wá tàbí kò wá. Bí iṣẹ́ kò bá sí, á mú àjákù aṣọ, á máa rán an. Mo bi í pé ṣé Búdà ló ń bá a wá oníbàárà ni.

"Búdà kì í rán aṣọ," ló dá mi lóhùn. "Èmi ni mò ń rán an. Ọkàn tí mo fi ń jókòó sídìí màṣíìnì ni mo ń lọ wá láàárọ̀."

Ó sọ fún mi pé èèyàn bíi tiwa ni Búdà. Ó fi ebi pa ara rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ títí egungun rẹ̀ fi yọ síta, kò sì rí ohun tó ń wá. Ọmọbìnrin kan fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́, ó lọ jókòó sábẹ́ igi, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀pẹ ni igi náà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ àti ọ̀pẹ. Igbà rẹ tó wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà yẹn ńkọ́, kí ló dé tó le bí igi?"

Mo ṣàlàyé fún un pé igbà tí a kò bá fi omi sí, tí a kò sì lò, gbígbẹ ló ń gbẹ, bó bá sì gbẹ tán, á dá sí wẹ́wẹ́.

"Ta ló wá ń fi omi sí i?"

"Kò sẹ́ni."

"Lọ fi omi sí i, àbúrò. Ti òní nìyẹn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, kó tó kí mi, á bi mí pé: "Ti òní ńkọ́?" Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n kàn di igbà mọ́ ọn, kí n tú u, kí n wá jókòó. Mo dì í, mo tú u. Nígbà tó yá, mo gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Nígbà tó tún yá, mo gbé méjèèjì, mo fẹ̀yìn ti igbà, ilẹ̀ kò sì jìnnà ju gíga àpótí ìjókòó lọ. Tàǹtí dúró lójú ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀tù omi, ó ń wò mí.

"Ọkọ mi, àràárọ̀ lo ń dì mọ́ ọn yìí. Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Kí n lọ tọrọ ẹ̀ fún ẹ lọ́wọ́ àwọn ará ilé ẹ̀?"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dùn. Ní òwúrọ̀ kan mo gun ún kọjá òrùlé balùwẹ̀, mo ṣèèṣì wo ìsàlẹ̀, ara mi sì kú. Mo yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lára igi náà, àyà mi sì bó. Ìyá Aránṣọ mú omi wá. Mo ti ọwọ́ rẹ̀ dànù, mo ní: "Ẹ lọ bá Búdà yín gun ọ̀pẹ. Obìnrin tí kò rí oníbàárà ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́." Ó bu omi mìíràn, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ òórùn tùràrí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bíi ti ìgbà gbogbo, mo rò pé kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó yọjú. "Ti òní ńkọ́?" Ojú tì mí, mo mú igbà.

Mo ti ń dé àárín ọ̀pẹ náà nígbà tí mo pe bàbá mi. Ìyá mi ló gbé fóònù.

"Bàbá ẹ ò sí nílẹ̀. Ó wà lórí ọ̀pẹ."

Mo wọ takisí lọ sí Pobè lọ́jọ́ náà gan-an, mo gun zẹ̀míjàn, alùpùpù akérò, láti ibẹ̀ dé abúlé. Mo bá bàbá mi lókè, ó ń fi ọwọ́ wá ìdí ẹyìn kó tó sọ àdá sí i, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dé ibẹ̀. N kò pè é, kó má bàa ta gìrì. Mo dúró títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ọ̀pẹ kó tó tú igbà rẹ̀.

"O ti dé? Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti san, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti san."

Ó wò mí, ó nu ojú rẹ̀. Mo bu omi sí igbà mi, mo dì í mọ́ ọ̀pẹ tó kàn. Mo dé ìdajì, mo sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi kàn fi ọwọ́ kan okùn náà, ó ní: "Ó rọ̀ dáadáa. O ti ń lò ó." Lọ́jọ́ kejì mo kọjá ìdajì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo já ìdì ẹyìn bọ́ sílẹ̀, mo sì gbọ́ tí bàbá mi ń fi ohùn líle kìlọ̀ fún ìyá mi nísàlẹ̀ pé kó sún sẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

N kò di ẹlẹ́sìn Búdà. Ẹ̀rù kò sì tán; ó máa ń dúró dè mí ní ìdí ọ̀pẹ láràárọ̀, bí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo kàn mọ̀ báyìí pé n kò ní láti borí rẹ̀ fún gbogbo ayé mi. Ti òní ti tó, mo sì lágbára ti òní.

Lẹ́yìn ìkórè, mo gbé epo lọ sí Sakété. Oníbàárà kún ẹnu ọ̀nà Ìyá Aránṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn.

"Ti ọjọ́ yẹn ti lọ," ló wí, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì. "Ti òní ńkọ́?"

"N kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ni mo wá kí."

"Ó tó," ló wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àga sí mi kí n jókòó.