Orúkọ Bàbá Mi Lórí Òkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò mọ̀ pé bàbá mi ní orúkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Àwa ọmọ ń pè é ní Bàbá, àwọn àgbà ilé ń fi oríkì kí i, ìyá mi ní tirẹ̀ ń pè é ní "Bàbá wọn", àwa ọmọ ni "wọn" náà. Ní Ifẹ̀ ìgbà yẹn, ìyàwó tó bá la ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó bọ́ aṣọ lójú ọjà ló rí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni máa nà án o, ojú ló máa tì í títí.

Bàbá mi náà ní èèwọ̀ tirẹ̀, ti inú igbó sì ni. Ọdẹ ni bàbá tó bí i, ó sì ti kọ́ ọ pé bí èèyàn bá wà lórí òkè tó gbọ́ ohùn tó ń pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn àfi bí ohùn náà bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní àwọn ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń sín ohùn èèyàn jẹ. Gbogbo ìgbà tá a bá ń wọ igbó ló máa ń rán wa létí, ìyá mi á sì máa mi orí pé òun gbọ́. Kò sí èyí tó ronú nínú àwọn méjèèjì pé èèwọ̀ tọkọ àti tìyàwó lè pàdé lọ́jọ́ kan.

Wọ́n pàdé. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, ìròyìn dé abà wa pé ara ìyá ìyá mi kò yá, ní abúlé wọn lọ́nà Ìpetumodù. Bí a bá fẹ́ wọ lọ́rì, a ní láti kọ́kọ́ rìn padà sí Ifẹ̀, ká sì jókòó títí èrò fi máa kún ọkọ̀. Ọkàn ìyá mi kò lè dúró. Ó ní òkè la máa gbà. Bàbá mi wò ó, ó wo òkè tí kùrukùru ti bò látìdí dórí. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn pé kó fara balẹ̀? Ó mú àdá. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ tí iṣu àti àgbébọ̀ adìẹ kan wà nínú rẹ̀, adìẹ ọbẹ̀ aláìsàn ni, èmi sì di ìdí aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

Àwọn tó ń gbé ní àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀ lónìí ń rí àwọn òkè wọ̀nyẹn láti ojú fèrèsé, wọ́n rò pé ohun àwòrán lásán ni. Igbó kìjikìji ni nígbà náà, àwọn tó ni ín sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹdun ló kọ́kọ́ rí wa. Wọ́n jókòó sórí igi pẹ̀lú irun dúdú àti funfun lára wọn, wọ́n ń wò wá láìpariwo, n kò sì fẹ́ràn wíwò yẹn. A gòkè díẹ̀ sí i, bàbá mi na ọwọ́ sẹ́yìn lójijì láti dá wa dúró. Ọká ló sùn sáàárín ọ̀nà, ó sanra, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ tó sùn lé. Bàbá mi kò gbé àdá sókè. Ó ní ejò náà ló ni ọ̀nà, a sì dúró títí ó fi rọra wọ́ lọ. Lẹ́yìn náà la tó tún gbéra.

Orí àpáta lókè téńté ni kùrukùru ti ká wa mọ́. Bí ẹ bá na ọwọ́, ẹ ò ní rí ìka yín. Ọ̀nà gba etí ọ̀gbun kan kọjá níbẹ̀, ìyá mi tilẹ̀ ti fẹ́ yọ̀ sínú rẹ̀ kí bàbá mi tó fà á. Ó ní ká jókòó, ká má kúrò lójú kan, kí òun lọ wo ibi tí ọ̀nà gbà sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ. À ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tó yá, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

A jókòó títí. Ìyá mi ké, "Bàbá wọn o!" Ohun tó dá a lóhùn kì í ṣe èèyàn. Ìnàkí ni, láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ọkùnrin tó ń ké sí ẹnì kejì rẹ̀ lódìkejì odò. Ìyá mi tún ké, òmíràn dáhùn lápá ọ̀tún. Ìgbà yẹn la wá gbọ́ ikọ́ bàbá mi, ikọ́ ọyẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa. Kò jìnnà sí wa. Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ibí la wà! Ẹ máa bọ̀ o!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Bàbá mi ń sá fún ohùn wa, apá ibi tí ọ̀gbun wà ló sì forí lé.

Èmi náà ké "Bàbá! Bàbá!" títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe orúkọ. A kò lè sá tọ̀ ọ́. Ìnàkí ńlá kan ti yọ láti inú kùrukùru, ó jókòó síwájú wa, ó tẹjú mọ́ apẹ̀rẹ̀ adìẹ. Bí ìyá mi bá ti mira, á yọ eyín sí i.

Mo wo ojú ìyá mi. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá mi, a sì gbọ́ ọ bó ṣe ń já lọ sínú ọ̀gbun, ó ń lu àpáta, kò tètè dákẹ́. Ni ìyá mi bá kúnlẹ̀ lórí àpáta níwájú ìnàkí yẹn, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pe orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí. Mo tilẹ̀ rò pé ẹlòmíràn ló ń pè.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" Ohùn bàbá mi ni.

Ìyá mi ń pè é, bàbá mi sì ń tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ bọ̀, ó ń fi àdá lu àpáta bó ṣe ń bọ̀. Ariwo àdá yẹn ló lé ìnàkí náà lọ. Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe." Bàbá mi fà á dìde. Ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé àdá fún mi, ó sì di ọwọ́ ìyá mi mú.

A dé abúlé, ìyá àgbà jẹ ọbẹ̀ adìẹ, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tí wọ́n ròyìn fún un, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "O wá pè é sókè bẹ́ẹ̀?" Ìyá mi ní bí òun bá rọra pè é, kò ní gbọ́.

Ayé ti yí padà. Ilé ti gun òkè, àwọn ìnàkí ti wábi gbà lọ. Ìyàwó ọmọ-ọmọ mi máa ń dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ pé kó ra búrẹ́dì bọ̀. Inú máa ń bí mi tẹ́lẹ̀. Kò bí mi mọ́. Ó kéré tán, àwọn wọ̀nyí kò ní wá ara wọn tì nínú kùrukùru.

Ẹ má bi mí ní orúkọ náà, n kò ní pè é. Ìyá mi pàápàá padà sí "Bàbá wọn" rẹ̀ látọjọ́ náà, àfi lọ́jọ́ tí bàbá mi dákẹ́. Wọ́n ti dàgbà gan-an nígbà yẹn. Àwọn èèyàn ní ká jáde kúrò nínú yàrá, ìyá mi kò jáde. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pe orúkọ náà sókè, bó ṣe pè é lórí àpáta. Gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. À ń retí kó dáhùn, kó bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.