Omi Àgbọn Tí Mo Dà Nù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé omi tí a bá fún kúrò lára ohunkóhun, dídànù ni. Abúlé Kọ́bapẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, níbi tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò kí omi kíkan rẹ̀ lè ṣàn lọ kí a tó yan gààrí.

Ìyá tó bí mi ti kú nígbà yẹn. Bàbá mi, awakọ̀ símẹ́ǹtì ní Ewékorò, gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó wọn tuntun ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Àgùdà ni ìyàwó náà, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ti oko ẹrú ní Bùràsílì padà wálé. Wọn kò tíì bímọ. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Àwọn aládùúgbò a máa sọ létí mi pé, "Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru," pé bí mo bá ṣẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Kọ́bapẹ́ yá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀rù yẹn ló ń jí mi gbálẹ̀ kí àkùkọ tó kọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ Rere kan, Àǹtí fẹ́ se fréjọ̀n, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè. Ilé Àgùdà kì í fi oúnjẹ ọjọ́ yẹn ṣeré. Àwọn ẹbí ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Àǹtí fi àgbọn mẹ́fà sílẹ̀ fún mi: "Rin ín, kí o fún un dáadáa." Wọ́n sì kọrí sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo rin ín títí ìka mi fi bó. Mo fún un, mo da gbogbo omi funfun rẹ̀ sí gọ́tà, mo kó ṣàkà rẹ̀, ìyẹn àgbọn rírin tó ṣẹ́kù, jọ gègèrè sínú àwo, mo wá jókòó, mo ń retí ìyìn.

Àǹtí dé, wọ́n wo àwo, wọ́n wo gọ́tà. "Omi ẹ̀ dà?"

Ó wá yé mi pé omi yẹn gan-an ni wọ́n nílò. Mo sá wọ yàrá, mo ń di ẹrù mi.

Ìgbátí ni mo ń retí nígbà tí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sórí ẹní.

"Ní Bùràsílì, ìyá ńlá wa kan ń fún ọmọ ọ̀gá rẹ̀ lọ́mú, ọmọ tirẹ̀, wọ́n tà á. Nígbà tó yá, ó gba ọmọbìnrin kan tí wọ́n ta ìyá ẹ̀, ó tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ tí kì í ṣe òun ló bí yẹn ló gbé fréjọ̀n wálé. Ìran rẹ̀ ni mí. Ta ló wá ń lé ẹ lọ? Tú ẹrù yẹn, jàre."

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Màámi." Ó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi ni. Wọ́n fi etí ìró nu ojú wọn.

A fi omi gbígbóná tún ṣàkà náà fún. Fréjọ̀n ọdún yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, àwọn ẹbí sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.

Lónìí, omi àgbọn inú páálí wà lórí àtẹ, ẹ̀rọ ń lọ ẹ̀wà, ìka ọmọ kankan kì í bó mọ́. Síbẹ̀, bí Jímọ̀ Rere bá dé, ọwọ́ ni mo fi ń rin àgbọn, Màámi a sì jókòó tì wá, wọ́n á máa ṣọ́ omi náà. Ọmọbìnrin kan tí mo gbà tọ́ ló ń bá mi fún un. Ọmọ náà ṣì ń pè mí ní Àǹtí. N kò kánjú.